Ẹ̀yin òbí àti tíṣà, báwo la ṣe lè jẹ́ káwọn òbí ọmọ sẹ̀kọ́ńdìrì máa mọ ohun tó ń lọ nílé-ìwé?

Tíṣà_Bíọ́lọ́jì

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi dá sí, ẹ̀yin tíṣà ẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin òbí tọ́mọ yín ti wọ sẹ̀kọ́ńdìrì. Wọ́n ti ní kí n máa bójú tó bí ilé-ìwé wa ṣe ń bá àwọn òbí sọ̀rọ̀ láti sáà tó ń bọ̀ lọ, mo sì fẹ́ ṣe é dáadáa torí ọ̀rọ̀ náà jẹ mí lógún gan-an.

Bó ṣe wà báyìí ni pé lọ́jọ́ tọ́mọ bá kọ́kọ́ wọlé, a máa fún òbí ní ìwé òfin ilé-ìwé kan tó nípọn, wọ́n á buwọ́ lù ú, wọ́n á gbé e lọ sílé, ó tán. Lẹ́yìn ìyẹn lẹ́tà á máa wọ báàgì ọmọ, gúrúùpù WhatsApp wà fún kíláàsì kọ̀ọ̀kan, áàpù wà, ímeèlì náà wà, prínsípà á tún kéde nǹkan nígbà ìpàdé òbí àti olùkọ́. Síbẹ̀, tọ́jọ́ tẹ́sìtì bá pé, tàbí tí wọ́n bá gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ torí òfin ní kò gbọ́dọ̀ mú un wọ kíláàsì, ohun tí òbí á kọ́kọ́ sọ ni pé "kò sẹ́ni tó sọ fún mi o." Àwọn tíṣà á ní "a ti sọ ọ́ tipẹ́." Tẹ́ ẹ bá wò ó dáadáa, òótọ́ làwọn méjèèjì ń sọ. A sọ ọ́ lóòótọ́, kò kàn dé ọ̀dọ̀ wọn ni.

Mo rò pé ohun tó fà á ni pé ní pámárì, tíṣà kan ló ń kọ́ ọmọ, òbí ń mú ọmọ wá sẹ́nu géètì láàárọ̀, ó ń rí tíṣà lójúkojú, wọ́n á sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú méjì, kálukú á bá tiẹ̀ lọ. Tó bá ti di sẹ̀kọ́ńdìrì, ọmọ kan lè ní tíṣà mẹ́wàá, á máa dá lọ á máa dá bọ̀, tẹ́ ẹ bá sì bi í pé báwo ni sùkúù lónìí, á ní "ó dáa", kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀nà tí ìròyìn ń gbà délé tẹ́lẹ̀ ti dí, a ò sì là òmíràn.

Ẹ wá bá mi wò ó. Ọ̀nà wo lẹ rí i pé ó ṣiṣẹ́ jù? Ẹ̀ẹ̀melòó ló yẹ kí mẹ́sééjì máa wá lọ́sẹ̀ kó má di ìyọnu fún òbí? Kí ló yẹ ká sọ fún gbogbo òbí, kí ló sì yẹ ká sọ fún òbí ọmọ kan ṣoṣo? Èyí tó le jù lójú mi, báwo la ṣe ń jẹ́ kí òbí mọ ohun tá à ń retí lọ́wọ́ ọmọ, mi ò sọ ti ìròyìn nìkan o, mo ń sọ irú nǹkan bí iye iṣẹ́ àṣetiléwá, bí wọ́n ṣe ń ka máàkì, ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tọ́mọ bá ń pẹ́ dé lemọ́lemọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìmọ̀ yín dù mí.

Ìyá_Ọmọ_Mẹ́ta

Tíṣà, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ béèrè. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé kì í béèrè rárá, wọ́n á kàn máa rò pé òbí ò bìkítà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lápá ọ̀dọ̀ wa. Ọmọ mẹ́ta ni mo ní ní sẹ̀kọ́ńdìrì, ìyẹn ni pé gúrúùpù mẹ́ta ló wà lórí fóònù mi, áàpù kan tó máa ń ní kí n tún páṣíwọ́ọ̀dù ṣe nígbàkigbà tí mo bá fẹ́ wọlé, àti ímeèlì tó máa ń lọ sápamọ́ sáàárín ìpolówó. Tíṣà á kọ ọ́ sí gúrúùpù lọ́sàn-án pé tẹ́sìtì máa wà lọ́la, òbí kan á ní "ẹ ṣé sà", òmíràn á ní "ẹ ṣé sà", ẹnì kan á béèrè pé ìbọ̀sẹ̀ dúdú ni àbí funfun, ẹlòmíì á fi fídíò àdúrà sí i, kí n tó tibi iṣẹ́ dé ọ̀rọ̀ tẹ́sìtì yẹn ti lọ sókè pátápátá, mi ò lè wá a rí mọ́. Wọ́n á wá ní wọ́n ti sọ fún mi.

Tó bá jẹ́ èmi ni, ohun àkọ́kọ́ tí mo máa bẹ̀ yín ni pé kẹ́ ẹ yan ojú kan ṣoṣo. Ibi yòówù kó jẹ́ o, ẹ yàn án, kẹ́ ẹ sọ fún gbogbo wa pé ibí ni ìròyìn tó bá ṣe pàtàkì á ti máa wá, ohun tí kò bá sí níbẹ̀ kì í ṣe dandan fún òbí láti mọ̀ ọ́n. Kí gbogbo tíṣà fara mọ́ ọn o! Torí ibi tó ti máa ń bàjẹ́ ni pé tíṣà máàtì ń lo áàpù, tíṣà lítíréṣọ̀ ń lo gúrúùpù, tíṣà eré ìdárayá ń fi ẹnu rán ọmọ.

Ìkejì, bẹ́ ẹ ṣe ń kọ mẹ́sééjì. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ máa fi ọjọ́ àti ohun tí mo máa ṣe síwájú. Mo ti rí lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Inú ìgbìmọ̀ alákòóso ilé-ìwé dùn láti fi tó yín létí pé ní ìbámu pẹ̀lú ètò sáà yìí...", tí mo wá ka ojú ìwé kan ààbọ̀ kí n tó rí i pé wọ́n fẹ́ kí n buwọ́ lu fọ́ọ̀mù kan kí ọmọ mi lè lọ ìrìn-àjò ẹ̀kọ́. Ẹ kàn sọ pé: "Títí di Ọjọ́bọ̀: ẹ buwọ́ lu fọ́ọ̀mù ìrìn-àjò, kẹ́ ẹ fún ọmọ yín mú wá." Ó tó. Àlàyé lè wà nísàlẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ kà á.

Ní ti ohun tẹ́ ẹ̀ ń retí lọ́wọ́ ọmọ, ibẹ̀ gan-an ni ilé-ìwé ti ń já wa sílẹ̀ jù. Ìwé òfin yẹn kún fún irun, bàtà, èékánná, mo mọ gbogbo ẹ̀. Ohun tí mi ò mọ̀ ni èyí: ọmọ mi gba 52 nínú kẹ́místírì. Ṣé ó dáa ni àbí kò dáa? Kí ló wà nínú 52 yẹn, èwo ni tẹ́sìtì, èwo ni ìdánwò, èwo ni iṣẹ́ tí kò fi sílẹ̀? Tó bá jẹ́ pé kò gbọ́ ẹ̀kọ́ náà ni, ọ̀tọ̀ lohun tí mo máa ṣe, tó bá sì jẹ́ pé ó gbọ́ ọ ṣùgbọ́n kì í fi iṣẹ́ sílẹ̀, ọ̀tọ̀ lohun tí mo máa ṣe. Nọ́ńbà kan ṣoṣo lórí rípọ́ọ̀tù nígbà tí sáà ti parí ò lè ràn mí lọ́wọ́, ẹ̀pa ò bóró mọ́ nígbà yẹn.

Kẹ́ ẹ tiẹ̀ fi iṣẹ́ kan tó dáa hàn wá. Ọmọ mi ní wọ́n ní kí àwọn kọ àròkọ, mi ò mọ̀ bóyá ojú ìwé kan ni wọ́n ń retí ní kíláàsì yẹn àbí mẹ́ta, mi ò mọ̀ bóyá àṣìṣe sípẹ́lì ni wọ́n ń wò àbí èrò inú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fi àpẹẹrẹ kan han òbí níbẹ̀rẹ̀ sáà, kẹ́ ẹ ti yọ orúkọ ọmọ tó kọ ọ́ kúrò, tẹ́ ẹ wá sọ pé "irú èyí là ń fẹ́, ìdí tó fi dáa rèé", ó máa ṣe wá láǹfààní ju òfin ogójì lọ.

Olùwádìí_Ẹ̀kọ́

Mo gbádùn ohun tí Màámi sọ lókè yìí. Mo fẹ́ mú àbájáde ìwádìí díẹ̀ wá síbí torí ó máa ń dùn mí tí ilé-ìwé bá ń náwó sórí áàpù láì wo ohun táwọn èèyàn ti dán wò.

Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ èyí ná. Ní Washington D.C. ní Amẹ́ríkà, wọ́n dán mẹ́sééjì fóònù wò láwọn ilé-ìwé 12, mẹ́sééjì tó máa ń sọ fún òbí tọ́mọ bá pa kíláàsì jẹ, tí kò bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, tàbí tí máàkì ẹ̀ bá ń lọ sílẹ̀. Wọ́n pín àwọn òbí sí ọ̀nà mẹ́ta. Wọ́n ní káwọn kan lọ forúkọ sílẹ̀ fúnra wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bó ṣe máa ń rí lọ́pọ̀ ibi, òbí tó ṣe é ò tó ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n ní káwọn kejì kàn fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fèsì sí mẹ́sééjì, bí i 8 nínú ọgọ́rùn-ún ló fèsì. Àwọn kẹta, ilé-ìwé ló fi wọ́n sí i, wọ́n wá ní ẹni tí kò bá fẹ́ kó sọ pé kí wọ́n yọ òun, 96 nínú ọgọ́rùn-ún ló dúró síbẹ̀. Àwọn ọmọ ìpín kẹta yìí nìkan ni máàkì wọn gòkè. Ẹ wá wò ó o, mẹ́sééjì kan náà ni, irú òbí kan náà ni, ọ̀nà tí wọ́n gbà wọlé ló yàtọ̀. Tí ilé-ìwé bá wá rí i pé òbí ò forúkọ sílẹ̀ lórí áàpù, tí wọ́n ní òbí ò nífẹ̀ẹ́ sí ẹ̀kọ́ ọmọ, wọn ò ṣe òótọ́ fún òbí yẹn.

Ní ìpínlẹ̀ West Virginia ní Amẹ́ríkà náà, àwọn olùwádìí méjì, Peter Bergman àti Eric Chan, ṣe irú ẹ̀ ní ilé-ìwé 22. Iye kọ́ọ̀sì táwọn ọmọ ń féèlì fi ìdá 28 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù, wíwá sí kíláàsì fi ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́ bó ṣe jẹ́ o, máàkì ìdánwò ìpínlẹ̀ ò yí padà, torí náà ẹ má rò pé mẹ́sééjì lè rọ́pò kíkọ́ ọmọ.

Èyí tó wù mí jù nínú gbogbo ẹ̀ ni ìwádìí Matthew Kraft àti Todd Rogers, wọ́n gbé e jáde lọ́dún 2015. Àwọn ọmọ sẹ̀kọ́ńdìrì tó wá tún kọ́ọ̀sì tí wọ́n féèlì ṣe nígbà ìsinmi ni wọ́n lò. Tíṣà á kọ gbólóhùn kan, ẹyọ kan péré, lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, nípa ọmọ yẹn gan-an, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí òbí ẹ̀. Nínú àwọn ọmọ tí òbí wọn ò rí mẹ́sééjì, 15.8 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò yege, nínú àwọn tí òbí wọn rí i, 9.3 péré ni, ohun tó sì fà á jù ni pé àwọn tí ì bá pa á tì ò pa á tì mọ́. Gbólóhùn tó sọ ohun tọ́mọ lè tún ṣe dára sí i ló ṣiṣẹ́ jù, ó ju èyí tó kàn ń yin ọmọ lọ. Kì í ṣe pé kẹ́ ẹ má yin ọmọ o, àmọ́ "ọmọ yín ń gbìyànjú" ò fún òbí ní nǹkan tó máa dì mú.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ṣe tiwọn ní ilé-ìwé sẹ̀kọ́ńdìrì 36, àbájáde ẹ̀ jáde lọ́dún 2016. Wọ́n ń sọ ọjọ́ tẹ́sìtì fún òbí ṣáájú, wọ́n ń sọ tọ́mọ ò bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì ń sọ ohun tí wọ́n kọ́ wọn lọ́sẹ̀ yẹn kí òbí lè rí nǹkan bi ọmọ. Àwọn ọmọ náà fi bí oṣù kan síwájú nínú ìṣirò, pípa ilé-ìwé jẹ sì dín kù. Ìyẹn kẹta yẹn ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú o Tíṣà. Ẹ rántí pé ẹ ní ọmọ máa ń sọ pé "ó dáa". Tí òbí bá wá mọ̀ pé bí ọkàn ṣe ń tú ẹ̀jẹ̀ ká ara ni wọ́n kọ́ lọ́sẹ̀ yẹn, kò ní béèrè pé báwo ni sùkúù, á ní "ẹ̀jẹ̀ tó bá ti inú ẹ̀dọ̀fóró bọ̀, ibo ló kọ́kọ́ ń wọ̀ nínú ọkàn?" Ọmọ ò lè fi "ó dáa" dáhùn ìyẹn.

Ẹ ó rí i pé nínú gbogbo ìwọ̀nyí, ọ̀rọ̀ nípa ọmọ kan pàtó, tó dé nígbà tí nǹkan ṣì ṣeé tún ṣe, ló ń mú ìyípadà wá. Ìwé ìròyìn ilé-ìwé tó ní fọ́tò aláwọ̀ mèremère dáa láti ní, mi ò bú u, àmọ́ ẹ má fi gbogbo agbára yín síbẹ̀.

Tíṣà_Bíọ́lọ́jì

Háà, ẹ kú iṣẹ́ o! Ti 96 yẹn yà mí lẹ́nu gan-an, torí ilé-ìwé wa náà ń dúró kí òbí wá forúkọ sílẹ̀ ni. Ìbéèrè méjì ló kù fún mi. Àwọn òbí kan ò ní dátà, àwọn kan kì í lo WhatsApp rárá, àwọn kan ò sì lè ka èdè tá a fi ń kọ nǹkan dáadáa. Kí la máa ṣe fún wọn? Ìkejì, àwọn tíṣà wa máa sọ pé àwọn ò ráyè kọ gbólóhùn fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, ẹni tó ń kọ́ kíláàsì márùn-ún, ọmọ ogójì nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, igba ọmọ nìyẹn o.

Ẹlẹ́rọ_Kọ̀ǹpútà

Ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ ti ẹ̀rọ ẹ̀, iṣẹ́ mi nìyẹn.

Tó bá jẹ́ WhatsApp lẹ fẹ́ lò, ẹ lọ sínú sẹ́tíńsì gúrúùpù, kẹ́ ẹ ṣe é kó jẹ́ àwọn àdímìnì nìkan ló lè kọ nǹkan. Ọ̀rọ̀ "ẹ ṣé sà" àti ìbọ̀sẹ̀ á parí lọ́jọ́ yẹn. Gúrúùpù kan lè gba èèyàn 1,024, ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ni gbogbo òbí wọn lè wọ ẹyọ kan. Àmọ́ ẹ rántí pé nínú gúrúùpù, gbogbo èèyàn ń rí nọ́ńbà ara wọn, àwọn òbí kan ò fẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì lẹ́tọ̀ọ́. Ẹ lè fi broadcast list rọ́pò ẹ̀, ìyẹn lísìtì tó ń fi mẹ́sééjì kan náà ránṣẹ́ sí ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, nọ́ńbà ò ní hàn síra wọn, ṣùgbọ́n èèyàn 256 péré ni lísìtì kan ń gbà, òbí tí kò bá sì ti fi nọ́ńbà ilé-ìwé pamọ́ sórí fóònù ẹ̀ kò ní rí i. Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà nìyẹn.

Fún ẹni tí kò ní dátà, ẹ lo SMS lásán. Fóònù oní-bọ́tìnnì náà ń gbà á. Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ o: SMS kan gba lẹ́tà 160 tó bá jẹ́ lẹ́tà lásán ló wà nínú ẹ̀, àmọ́ kété tẹ́ ẹ bá ti fi ẹ, ọ tàbí ṣ sínú ẹ̀, kódà kó jẹ́ ẹyọ kan, àyè yẹn máa já sí 70. Mẹ́sééjì tẹ́ ẹ rò pé ẹyọ kan ni á di méjì tàbí mẹ́ta, owó ẹ̀ náà á di méjì mẹ́ta. Mi ò ní kẹ́ ẹ má fi èdè yín kọ ọ́ o, àní ẹ fi kọ ọ́, ẹ kàn jẹ́ kó kúrú, kẹ́ ẹ sì mọ̀ ọ́n mọ́ owó tẹ́ ẹ máa ná.

Ẹni tí kò lè kàwé, ẹ ká ohùn ránṣẹ́ sí i. Kó má ju ìṣẹ́jú kan lọ, kẹ́ ẹ sọ ọjọ́ náà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ má sì lo ọmọ náà bí ògbufọ̀ láàárín yín àti òbí ẹ̀ tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìwà ọmọ yẹn gan-an lẹ fẹ́ sọ, ẹ wá àgbàlagbà tó gbọ́ èdè náà.

Ní ti igba ọmọ: tíṣà ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kọ gbogbo ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé Google Classroom, áàpù kíláàsì ti Google, ni wọ́n fi ń fún ọmọ níṣẹ́, ó ní àkópọ̀ ímeèlì fún òbí, ó lè máa wá lójoojúmọ́ tàbí lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, á sọ iṣẹ́ tọ́mọ ò fi sílẹ̀ àti èyí tó ń bọ̀, tíṣà á kàn tàn án ni, òbí á sì gbà á wọlé. Tó bá jẹ́ ìwé tíṣà ni wọ́n fi ń kọ máàkì, ẹ kọ gbólóhùn mẹ́wàá kalẹ̀ tí tíṣà lè mú nínú ẹ̀, irú bí "ọmọ yín ò fi iṣẹ́ méjì sílẹ̀, tó bá mú un wá kó tó di Ọjọ́rú a máa gbà á", kó kàn kọ nọ́ńbà gbólóhùn síwájú orúkọ, kí ẹnì kan ní ọ́fíìsì fi gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́. Kò sì yẹ kó jẹ́ gbogbo ọmọ lọ́sẹ̀ kan náà, ẹ máa yí i po.

Ohun tó kẹ́yìn: nọ́ńbà fóònù. Àwọn èèyàn ń pààrọ̀ láìní sọ fún ilé-ìwé. Níbẹ̀rẹ̀ sáà kọ̀ọ̀kan, ẹ fi mẹ́sééjì kékeré ránṣẹ́ sí gbogbo òbí pé kí wọ́n fèsì, ẹni tí kò bá fèsì, ẹ pè é. Àìmọye ilé-ìwé ló ń fi mẹ́sééjì ránṣẹ́ sí nọ́ńbà tó ti kú lọ́dún méjì sẹ́yìn.

Mo_Ṣẹ̀ṣẹ̀_Jáde

Ẹ kú àtìlẹ́yìn o ẹ̀yin àgbà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde sẹ̀kọ́ńdìrì ni, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ tàwọn ọmọ náà, torí gbogbo ọ̀rọ̀ yìí orí wa ló dá lé.

Ohun tó máa ń dun ọmọ jù kọ́ ni pé wọ́n sọ fún òbí ẹ̀. Ohun tó máa ń dùn ún ni kó délé, kó rí i pé bàbá òun ti ń dúró dè é, bẹ́ẹ̀ tíṣà rí i lọ́jọ́ yẹn kò sì sọ nǹkan kan fún un. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi mẹ́sééjì ránṣẹ́ nípa iṣẹ́ tí ọmọ ò fi sílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ sọ fún ọmọ náà pé "o ò tíì mú iṣẹ́ yìí wá, lọ́jọ́ Ẹtì la máa sọ fún àwọn òbí ẹ." Ọ̀pọ̀ wa á sáré lọ ṣe é. Ẹni tí kò bá ṣe é náà á ti sọ fún òbí ẹ̀ fúnra ẹ̀ kí mẹ́sééjì tó dé, ìyẹn gan-an sì dáa ju mẹ́sééjì lọ.

Ẹ má sì fi máàkì sí gúrúùpù. Ẹ jọ̀ọ́. Mo mọ̀ pé àwọn tíṣà kan rò pé ó máa jẹ́ káwọn tó wà nísàlẹ̀ tiraka, kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ṣe ni ọmọ náà ò ní fẹ́ wá sí kíláàsì mọ́. Ọ̀rọ̀ ọmọ kan, òbí ẹ̀ nìkan ló ni ín. Ní Amẹ́ríkà, òfin kan tí wọ́n ń pè ní FERPA ti wà láti 1974, ó ní ilé-ìwé tó ń gba owó ìjọba àpapọ̀ ò gbọ́dọ̀ gbé àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ ọmọ fún ẹlòmíì láìgba àṣẹ lọ́wọ́ òbí, tọ́mọ bá sì ti pé ọdún 18 ẹ̀tọ́ yẹn di tiẹ̀. Mo rò pé ó yẹ kí ilé-ìwé níbi gbogbo máa ronú bẹ́ẹ̀, kó tiẹ̀ má sí òfin.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà lórí ohun tẹ́ ẹ̀ ń retí lọ́wọ́ wa. Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà gbọ́ ọ pa pọ̀ pẹ̀lú òbí ẹ̀, lọ́jọ́ kan náà, nínú yàrá kan náà. Tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ fún wa lọ́tọ̀, tẹ́ ẹ sọ ọ́ fún wọn lọ́tọ̀, àwa la máa túmọ̀ ẹ̀ fún wọn nílé, ẹ sì mọ bí ìtumọ̀ yẹn ṣe máa rí.

Bàbá_Oníṣẹ́_Òru

Ọmọ mi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yìí, ọ̀rọ̀ ẹ dáa, mo sì fara mọ́ ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀. Ibì kan ṣoṣo ni mi ò fara mọ́. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ àṣetiléwá, kí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún ọmọ, ó dáa. Àmọ́ tọ́mọ ò bá sí ní kíláàsì láàárọ̀, bẹ́ẹ̀ ó ti kúrò nílé, mo fẹ́ gbọ́ kó tó di wákàtí kan. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni dúró di Ọjọ́ Ẹtì.

Ẹ̀yin tíṣà, ohun tí mo fẹ́ fi kún un rèé. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ ti ń sọ láti òkè, ilé-ìwé ló ń sọ̀rọ̀, òbí ń gbọ́. Tí òbí bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ńkọ́? Òru ni mo ń ṣiṣẹ́, mo ń sùn lọ́sàn-án, gbogbo ìpàdé òbí àti olùkọ́ ọ̀sán ni. Mo fi mẹ́sééjì ránṣẹ́ sí nọ́ńbà ilé-ìwé ọmọ mi láti bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀, mi ò rí èsì. Nígbà tó ṣe mo gbọ́ pé nọ́ńbà yẹn ò gba èsì, ẹ̀rọ ló ń fi mẹ́sééjì ránṣẹ́. Wọn ò kọ ọ́ síbi kankan. Torí náà, tí mẹ́sééjì yín ò bá gba èsì, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ gbàgàdà, kẹ́ ẹ kọ orúkọ ẹni tá a lè bá sọ̀rọ̀, nọ́ńbà ẹ̀, àti ìgbà tó máa dáhùn. Tẹ́ ẹ bá ní ọjọ́ méjì, kó jẹ́ ọjọ́ méjì lóòótọ́. Mo lè dúró. Ohun tí mi ò lè fara dà ni kí n má mọ̀ bóyá ẹnì kan kà á.

Ẹ sì kọ́kọ́ pè wá sórí ohun tó dáa. Tí nọ́ńbà ilé-ìwé bá yọ lójú fóònù mi, àyà mi á já, torí kò sígbà tí wọ́n pè mí rí tí kì í ṣe wàhálà. Tí tíṣà bá pè mí ní ọ̀sẹ̀ kìíní pé "Ẹ káàárọ̀ sà, èmi ni mò ń kọ́ ọmọ yín ní bíọ́lọ́jì, mo kàn ní kí n kí yín, ohun tá a máa ṣe lọ́dún yìí nìyí", ọjọ́ tó bá wá pè mí sórí ẹjọ́ mo máa gbọ́ ọ pẹ̀lú sùúrù, torí mo ti mọ̀ ọ́n. Mo gbọ́ ohun tí Olùwádìí sọ pé gbólóhùn ìyìn lásán ò tó, mo gbà. Ti ìkíni àkọ́kọ́ yìí yàtọ̀, ó jẹ́ kí ọ̀nà là.

Ó tún ku ti àwọn tí òbí wọn ò gbé pọ̀. Ọmọ wa wà lọ́dọ̀ ìyá ẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀, ó ń wá sọ́dọ̀ mi níparí ọ̀sẹ̀. Fọ́ọ̀mù ilé-ìwé ní àyè fún nọ́ńbà kan ṣoṣo. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ kó jẹ́ méjì, kí mẹ́sééjì lọ sọ́dọ̀ àwa méjèèjì, àfi tí kóòtù bá sọ pé kó má rí bẹ́ẹ̀.

Ìyá_Ọmọ_Mẹ́ta

Bàbá, ẹ ṣeun fún ti àyà jíjá yẹn, mo rò pé èmi nìkan ló ń ṣe ni 😅

Tíṣà béèrè iye ìgbà lọ́sẹ̀, a ò tíì dáhùn. Tèmi: ẹyọ kan lọ́sẹ̀ fún gbogbo òbí, kó máa wá lọ́jọ́ kan náà ní wákàtí kan náà, kí ọ̀sẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tó ń bọ̀ lọ́sẹ̀ náà àti ọ̀sẹ̀ méjì tó tẹ̀ lé e ni kó wà níbẹ̀, kí n lè tọrọ àyè níbi iṣẹ́ bó bá yẹ. Tó bá jẹ́ pé kò sí nǹkan, ẹ sọ pé kò sí nǹkan, kí n má baà máa rò pé mẹ́sééjì mi sọnù. Lẹ́yìn ìyẹn, àfi ti ọmọ mi gan-an, tàbí pàjáwìrì. Òjò ńlá, ilé-ìwé ò ṣí, ọkọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ pẹ́, ìyẹn lè wá nígbàkigbà.

Tíṣà_Bíọ́lọ́jì

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mo ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ látàárọ̀, ohun tí mo máa gbé lọ bá prínsípà rèé, ẹ bá mi wo ibi tó bá kù.

Mẹ́sééjì ọ̀sẹ̀ kan, ẹyọ kan, ọjọ́ kan náà, SMS ló máa jẹ́ fún gbogbo òbí torí òun ló ń dé ọ̀dọ̀ gbogbo èèyàn, WhatsApp á wà fún àlàyé, àdímìnì nìkan ló máa kọ nǹkan síbẹ̀. Àwa la máa fi òbí sí i, ẹni tí kò bá fẹ́ á sọ. Nọ́ńbà méjì lórí fọ́ọ̀mù. Tọ́mọ ò bá sí ní kíláàsì láàárọ̀, a ó pe òbí ní wákàtí àkọ́kọ́. Iṣẹ́ tí ọmọ ò fi sílẹ̀, ọmọ náà ni á kọ́kọ́ gbọ́, lẹ́yìn ìyẹn gbólóhùn kan fún òbí, pẹ̀lú ohun tó ṣì lè ṣe àti ọjọ́ tí àyè ẹ̀ máa tì.

Ní ti ìwé òfin, mo fẹ́ yọ ojú ìwé kan jáde nínú ẹ̀, ojú ìwé kan péré fún sábújẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan: bí máàkì ṣe pín, iye àkókò tí iṣẹ́ àṣetiléwá yẹ kó gbà, àpẹẹrẹ iṣẹ́ kan tó dáa, àti orúkọ ẹni tí òbí lè kọ̀wé sí. A máa kà á pa pọ̀ pẹ̀lú ọmọ àti òbí, ẹ̀ẹ̀mejì, lọ́sàn-án kan àti lálẹ́ ọjọ́ kan, kí àwọn oníṣẹ́ òru lè rí àyè wá sí ọ̀kan nínú ẹ̀.

Ibi tí mo mọ̀ pé ó máa le ni ti gbólóhùn mẹ́wàá yẹn, torí gbólóhùn tí kò bá bá ọmọ mu, kò sàn ju kéèyàn má kọ nǹkan kan lọ. Ẹ̀yin tíṣà tẹ́ ẹ bá ti ní irú ẹ̀ nílẹ̀, ní sábújẹ́ẹ̀tì yòówù kó jẹ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbé e síbí. Mo máa kó tiwa náà wá tí mo bá ti kọ ọ́ tán, kẹ́ ẹ lè bá mi tún un ṣe.